Orúkọ Òkú Lọ́rùn Ọwọ́ Alààyè

"Ẹ gbé àpótí náà sórí tábìlì," ni Agbọ́rọ̀ wí.

Oríyọmí gbé e síbẹ̀. Kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ, ó dúdú, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì sí ojú ibi tí èèyàn lè ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Ohùn Oríyọmí nìkan ló mọ̀. Yunifásítì ló fún un ní ọdún tó kọjá, nígbà tó wọ ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ Òfin àti Àwùjọ, bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lọ jókòó ti àwọn èèyàn kan kí ó lè mọ irú òfin tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn lẹ́yìn ìjọba. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, inú àpótí ìdákẹ́ ló ń lọ tààrà. Bí àpótí bá ti panu dé, ó di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ bá ní kó ṣí.

"Ìgbà mélòó ni wọ́n ti ṣí i?"

"Wọn ò tíì ṣí i rí."

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi."

"Àpótí náà mọ̀ pẹ̀lú, nítorí ó ń ka iye ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá là. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ fún mi àfi tí ẹ bá ṣí i."

Agbọ́rọ̀ kò ní ojú, kò ní ẹnu. Àwo bàbà kan báyìí ni, tó lu ihò wínníwínní bí asẹ́, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ti ìyá àgbà kan tó mọ ilé tó ti wá. Kò sí ẹni tí kì í fi "ẹ̀yin" pè, àtọmọ ọjọ́ mẹ́jọ àtarúgbó. Àwọn àgbàlagbà máa ń sọ pé ìwà ẹni tí kò ní ẹbí nìyẹn. Gbogbo ayé ló jẹ́ àlejò lójú rẹ̀.

Lórí àga gbọọrọ tó wà lápá òsì, àwọn méje jókòó, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́ta. Wọ́n ti bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìlú, èyí tí ìjọba fi ń dá èèyàn mọ̀, kúrò lọ́wọ́ wọn láti ìjẹta. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ náà wà lọ́rùn ọwọ́ wọn funfun yíká, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun là á. Oríyọmí kò fẹ́ wo ẹnì kẹta nínú wọn, ó sì ń wò ó. Obìnrin náà wọ bùbá aláwọ̀ ewé tí òun àti Oríyọmí jọ rà. Ìbídùn ni orúkọ tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ilẹ̀kùn fún ọdún méjìlá. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Oríyọmí ti ń pè é ní Màmi.

"Mo máa ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Agbọ́rọ̀ wí, "kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́. 'Èmi Oríyọmí, ọmọ Ìdó-Ẹrẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Òfin àti Àwùjọ, mo jẹ́rìí pé àwọn méje kan ń gbé ìlú wa pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ òkú. Ìlú àwọn fúnra wọn ti rì sínú òkun, wọn kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sùn ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí èèyàn wa bá kú, a kì í sọ fún ìjọba. A ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ òkú fún àlejò, àlejò á sì máa jẹ́ orúkọ òkú.'"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín kékeré lórí àga gbọọrọ náà, ẹ̀rín tí kò dùn. Agbọ́rọ̀ ń kà lọ. Ẹnì kìíní, ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀. Ẹnì kejì. Nígbà tó dé orí ẹnì kẹta, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"'Ẹnì kẹta ni obìnrin tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ìbídùn gidi ti kú ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, tí òjò ń rọ̀, wọ́n fi omi iyọ̀ fọ ọwọ́ obìnrin yìí nínú yàrá tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí, wọ́n sì so ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.'"

Nǹkan kan já lọ nínú Oríyọmí, bí okùn ọkọ̀ ṣe ń já. Yàrá àwọ̀n. Òjò. Omi iyọ̀. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó wà nínú àpótí, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ti béèrè rí. Ọdún tó kọjá, nígbà tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu gbogbo ìlú, ó bi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin bí wọ́n ṣe gbé orúkọ ìyá òun fún àlejò. Obìnrin náà ní, "Ti ìyá rẹ, mi ò ní sọ ọ́. Gbogbo nǹkan kọ́ ni ìwé ń jẹ."

"Lẹ́tà náà ní orúkọ yín," ni Agbọ́rọ̀ ń sọ, "ṣùgbọ́n kò ní ohùn yín. Nítorí náà mi ò tíì gbà pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá ṣí àpótí yín, tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó ṣí i rí, ẹ̀bi kúrò lọ́rùn yín, mo sì máa wá ẹni tó fi orúkọ yín kọ̀wé. Bí ẹ ò bá ṣí i, tí ẹ ò sì fèsì, àṣírí àwọn èèyàn tó fọkàn tán yín lẹ dà, yunifásítì á sì lé yín. Aago méjì ọ̀sán ni mo máa bi yín. Ẹ lọ mu omi."

Nígbà tí Oríyọmí kọ́kọ́ wọlé sí ẹ̀kọ́ yìí, gbogbo Ìdó-Ẹrẹ̀ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, Òfin àti Àwùjọ, èwo ni yóò jẹ́ nínú méjèèjì? Ṣé lọ́yà ni? Kò sí lọ́yà mọ́. Láti ìgbà tí Agbọ́rọ̀ ti ń dájọ́, àwọn lọ́yà ti lọ ń sin ẹja. Ṣé onítàn ni? Ṣé oníṣirò ni? Ní ọjọ́ Ajé wọ́n ń kọ́ ọ ní òfin, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n ń kọ́ ọ ní ìtàn, ní Ọjọ́rú wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń ka èèyàn àti bí a ṣe ń ka ohun tí kíkà èèyàn ń bà jẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní kó lọ jókòó sí ìdí ààrò ẹlòmíràn, kó panu mọ́, kó máa gbọ́. Ìjọba kò pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́ nítorí Agbọ́rọ̀ mọ gbogbo òfin láti A dé Y, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí ọmọlúàbí fi ń rú òfin. Ẹnì kan ní láti máa ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ohun tí Oríyọmí fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn. Ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú òun kì í ṣe ìlú olè. Ẹni tó bá gba orúkọ òkú, ó gbọ́dọ̀ máa tún ojú oórì òkú náà ṣe. Ó gbọ́dọ̀ pe ìyá òkú ní ìyá, kó pe ọmọ òkú ní ọmọ, kó sì tọ́ ọ. Òfin ni. Ó tiẹ̀ le ju ti ìjọba lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè gbójú fò ó. Òun gan-an ni ẹ̀rí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ tí kò padà, obìnrin kan tí ìlú rẹ̀ ti di ìsàlẹ̀ omi ló ń di irun rẹ̀, òun ló kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́, òun ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí ibà fẹ́ gbé e lọ.

Ẹni mọ́kànlélógójì tó ń jẹ́ orúkọ òkú ló bá a sọ̀rọ̀. Ohùn ẹni mọ́kànlélógójì ló wà nínú àpótí. Lẹ́tà náà dárúkọ méje.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Láṣebìkan ń dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ló ń darí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Oríyọmí kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, dìde. Kí ló ń dá ọ dúró? Ṣí i. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ṣí i kí ayé mọ̀."

"Prọ́fẹ́sọ̀, bí mo bá ṣí i, ṣé ẹ lè dá Agbọ́rọ̀ dúró kó má gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Agbọ́rọ̀ ò ní ilẹ̀kùn létí. Ohun tó bá ti ṣí níwájú rẹ̀, ó ti gbọ́ ọ tán."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀." Ó wò ó fínnífínní. "Ó ju méje lọ."

Oríyọmí wo ilẹ̀.

"Má sọ fún mi," ni Láṣebìkan yára wí, ó gbé ọwọ́ sókè. "Bí o bá sọ fún mi, mo ní láti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá bi mí. Gbọ́, ọmọ mi. Oṣù mẹ́rin ló kù kó o gba oyè. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn nípa rẹ. Bí o bá dákẹ́, èmi ni wọ́n máa ní kí n fi ọwọ́ ara mi pa orúkọ rẹ rẹ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Oríyọmí wí, ó sì jáde sínú oòrùn.

Abẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ ni Yèyé jókòó sí. Yèyé ni gbogbo Ìdó-Ẹrẹ̀ ń pè é, ẹ̀gbọ́n bàbá Oríyọmí, arúgbó tín-ín-rín kan tí ojú rẹ̀ kò tíì ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ ni orúkọ òkú máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Òun ló ń yàn nínú àwọn àlejò ẹni tó yẹ kó gbà á, òun nìkan ló sì mọ gbogbo ọjọ́ àti gbogbo ibi. Ìjọba ti ní kí àgbàlagbà kan tẹ̀ lé àwọn méje wá láti ìlú, òun ni wọ́n rán. Ó ti tú oúnjẹ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀: ẹ̀kọ tútù àti ẹja yíyan.

"Wá jẹun. Ojú rẹ ti wọ inú."

Oríyọmí kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kí i. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Yèyé, ta ló wà nínú yàrá àwọ̀n lọ́jọ́ náà?"

Ọwọ́ arúgbó náà dúró lórí ẹja.

"Jẹun ná."

"Ẹni mélòó ni, Yèyé?"

"Ẹni méjì." Ó ń yọ egungun kúrò lára ẹja, ó ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Òun àti èmi."

"Òun kò lè fi ara rẹ̀ sùn."

"Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹyẹ kan ń ké lórí igi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kọjá, wọ́n kí Yèyé, Yèyé sì dá wọn lóhùn dáadáa, ó bi wọ́n léèrè àlàáfíà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ́."

Oríyọmí ti mọ̀ kó tó dé ibẹ̀. 

"Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìlẹ̀kẹ̀," ni Yèyé wí. "Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, 'Mama, kò sẹ́ni tó kú ní Ìdó-Ẹrẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ṣé ẹ ti rí egbòogi àìkú ni?' Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bá a rín in. Ó wá ní ọjọ́ mẹ́jọ lòun fún mi. Bí òun ò bá rí ẹnikẹ́ni mú lọ, wọ́n á gbé Agbọ́rọ̀ wá sí ìlú, wọ́n á sì máa bi wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ tí o kàwé, ta ló lè purọ́ fún nǹkan yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú? Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Mo fi méje ra mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Báwo lẹ ṣe yan méje?"

"Àwọn tí kò bímọ sórí ilẹ̀. Àwọn tí ọmọ ò ní sunkún tẹ̀ lé."

"Màmi ní mi."

"Ìwọ kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìsí ìkà kankan nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ iye ẹja tó wà nínú agbọ̀n. Èyí ló dun Oríyọmí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Yèyé yìí kan náà ló fa ọwọ́ rẹ̀ lé obìnrin náà lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ní, "Wo ìyá rẹ. Kò kú mọ́." Òun sì gbà á gbọ́. Ó tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé irú ìbátan bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ lójú àwọn èèyàn òun.

"Orúkọ mi ńkọ́?" ni ó bi í. "Nínú gbogbo orúkọ tó wà ní Ìdó-Ẹrẹ̀, Yèyé, orúkọ mi lẹ rí kọ?"

"Ta ni kí n kọ? Bí mo bá kọ tèmi, ta ló tún máa gbé orúkọ òkú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Àṣà náà parí nìyẹn, àlejò tó bá tún wọlé wá, sínú omi ló máa padà. Bí mo bá sì kọ ti ará ìlú kan, wọ́n á dáná sun ilé rẹ̀. Ìwọ ní ibi tí o máa lọ. Ìwọ ní ìwé. Gbogbo ìlú ti mọ̀ pé o gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Wọn ò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo rò pé àpótí yẹn á gbà ọ́ lọ́wọ́ àwọn yunifásítì. Mo rò pé wàá kàn fi hàn wọ́n pé wọn ò ṣí i, wọ́n á sì fi ọ́ sílẹ̀, kí inú sì máa bí ìlú nìkan. Òwúrọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bó bá ṣí, gbogbo rẹ̀ ló máa tú jáde."

"Ẹ ò bi mí."

"Mi ò bi ọ́. Bí mo bá bi ọ́, ṣé wàá gbà?"

Oríyọmí ń wá ìdáhùn kan nínú ara rẹ̀, bóyá òun ì bá gbà, bóyá òun ì bá kọ̀. Yèyé ti gba àyè ìdáhùn náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí kò lè mọ̀ láéláé.

Yèyé gbé oúnjẹ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ó di ara igi mú, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀, orúnkún kan kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ìkejì ń tẹ̀ lé e. Oríyọmí kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, jìnnìjìnnì mú un.

"Yèyé, ẹ má ṣe é! Ẹ dìde! Kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí mi?"

"Má ṣí i, ọmọ mi. Mo fi Ẹlẹ́dàá rẹ bẹ̀ ọ́. Má sì dárúkọ mi. Bí wọ́n bá gbé èmi síwájú nǹkan yẹn, mo dàgbà, mi ò lè dí ẹnu mọ́. Orí gbogbo wọn ló máa já lé."

Oríyọmí di ìgúnpá rẹ̀ mú, ó gbé e dìde kí orúnkún kejì tó kan ilẹ̀. Ara arúgbó náà fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀kan di èkejì mú, bí ẹni tó ń dì mọ́ra. Ẹni tó bá rí wọn láti òkèèrè yóò rò pé ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ràn ló kú.

Ní aago méjì, Agbọ́rọ̀ sọ̀rọ̀.

"Oríyọmí, mo bi yín lẹ́ẹ̀kíní. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yìí?"

Oríyọmí ń ronú sí gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bó bá ní rárá, Agbọ́rọ̀ á ní kó ṣí àpótí. Bó bá ní rárá tó kọ̀ tí kò ṣí i, Agbọ́rọ̀ á gbọ́ òótọ́ nínú ohùn rẹ̀, á sì wá ẹlòmíràn tó kọ ọ́, kò sì ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Yèyé. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni, Agbọ́rọ̀ sì ń gbọ́ irọ́ nínú ohùn bí ajá ṣe ń gbọ́ òórùn ẹran. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ẹ̀rọ náà kò lè gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Mo bi yín lẹ́ẹ̀kejì."

Ní ọdún kìíní, Láṣebìkan ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn ní ìdákẹ́. Ó ní lójú òfin, ẹni tí a bi lẹ́ẹ̀mẹta tí kò fèsì ti jẹ́wọ́. Láàárín àwùjọ, ìdákẹ́ lè jẹ́ ẹ̀gàn, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó lè jẹ́ ẹkún. Oríyọmí ló gba máàkì tó ga jù nínú ìdánwò ìyẹn. Ní báyìí tó ń dákẹ́ gidi, kò jọ ohun tó kọ sínú ìwé ìdánwò rárá.

"Oríyọmí."

Agbọ́rọ̀ kọ́ ló sọ̀rọ̀. Obìnrin tó wọ aláwọ̀ ewé náà ti dìde lórí àga gbọọrọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń di ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún mú.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀wọ́," ni Agbọ́rọ̀ wí.

Kò jókòó. "Oríyọmí, wò mí. Sọ pé kì í ṣe ìwọ. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò nílò àpótí kankan, ẹnu rẹ tó fún mi. Ní kì í ṣe ìwọ, màá gbà ọ́ gbọ́, màá sì wọ ọkọ̀ ìjọba lọ sójú omi pẹ̀lú ayọ̀."

Oríyọmí wò ó. Ó rí i pé òótọ́ ló ń sọ: bí òun bá la ẹnu, obìnrin yìí yóò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ti la ẹnu gan-an. Ní ìlà kejì lẹ́yìn, Yèyé jókòó, ó tẹ orí ba, ó ń ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

Oríyọmí pa ẹnu náà dé.

"Mo bi yín lẹ́ẹ̀kẹta," ni Agbọ́rọ̀ wí. Ó dúró fún ìwọ̀n tí òfin ní kó dúró. "Ẹ ti gbà."

Obìnrin náà jókòó. Kò sunkún. Ó kàn jọ ẹni tí wọ́n bọ́ nǹkan mìíràn kúrò lára rẹ̀, èyí tí kò ní ojú àpá.

Ìyókù kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní kí àwọn méje lọ máa gbé nínú àwọn ọkọ̀ ìjọba tó wà lójú omi, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí ìlú wọn ti rì sí. Wọ́n yọ orúkọ Oríyọmí kúrò nínú ìwé yunifásítì. Òfin sì ní àpótí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá lé gbọ́dọ̀ di yíyọ́, nítorí ẹni tó ti dalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò yẹ lẹ́ni tó ń tọ́jú ohùn èèyàn. Láṣebìkan fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé iná tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Oríyọmí tẹ̀ lé e. Ó dúró títí àpótí náà fi wó sínú ara rẹ̀, tó sì ń ṣàn bí ọ̀dà. Ohùn mọ́kànlélógójì, ọdún kan gbáko ìjókòó sí ìdí ààrò. Ó mí kanlẹ̀. Láṣebìkan gbọ́ bó ṣe mí, ó yíjú sí i, ó sì wò ó pẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí. Ó kó ọwọ́ sápò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ìjọba ti dé èbúté Ìdó-Ẹrẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú sì ti jáde. Wọ́n ní kó má lọ, ó lọ. Bó ṣe ń kọjá, àwọn èèyàn ń yà fún un bí wọ́n ṣe ń yà fún ẹni tó gbé ìgbẹ́. Ẹnì kan ní, "Akọ̀wé!" Ẹlòmíràn ní, "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani." Bàbá Ṣómúyìwá, tó máa ń yan ẹja, tó sì fi odindi ọ̀sán kan sọ fún un ní ọdún tó kọjá nípa ìlú tirẹ̀ tó rì, bọ́ síwájú rẹ̀, ó tutọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ òkú ń dán lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń nu ẹnu. Oríyọmí rí i. Inú rẹ̀ kò mọ̀ bóyá kó dùn tàbí kó bàjẹ́. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá," ó sì ń lọ.

Ní ẹnu ọkọ̀, àwo bàbà kékeré kan ló ń bi wọ́n ní ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kan obìnrin tó wọ aláwọ̀ ewé.

"Kí ni orúkọ yín?"

Obìnrin náà la ẹnu, orúkọ tó sì kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ jáde ni èyí tó ti jẹ́ fún ọdún méjìlá. Ó gbé e mì. "Fèyíjìmí," ni ó wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dán ẹsẹ̀ tó ti kú tipẹ́ wò bóyá ó lè rìn.

Oríyọmí kò gbọ́ orúkọ náà rí. Nínú gbogbo ìbéèrè tó bi gbogbo ìlú, kò bi í léèrè orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti tó fún un pé Màmi ni.

"Ta ni ẹbí yín tó wà lórí ilẹ̀, tí a lè ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe yín?"

Fèyíjìmí yíjú padà. Ó rí Oríyọmí níbi tó dúró sí, ìgbésẹ̀ bí mẹ́fà sí i. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ mọ́. Àárẹ̀ nìkan ló kù.

"Ṣé orúkọ ìyá rẹ lo fẹ́ gbà padà?" ni ó bi í. "O ì bá ti béèrè lọ́wọ́ mi. Ǹ bá bọ́ ọ fún ọ."

"Màmi…"

"Mi ò ní ẹnì kankan," ni ó wí fún àwo bàbà náà.

"Ó ní mi!" Oríyọmí ti kígbe kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ kígbe. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oríyọmí. Ọmọ rẹ̀ ni mí."

"Ẹ ṣeun," ni ohùn náà wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lọ ni à ń kọ sílẹ̀. Kò ní ẹnì kankan. Ẹ wọlé, ẹ rọra, ilẹ̀ ọkọ̀ ń yọ̀."

Fèyíjìmí wọlé. Kò wẹ̀yìn mọ́. Wọ́n tú okùn, ọkọ̀ náà kúrò létí èbúté láìsí ariwo, ó ń kéré sí i títí kò fi ju ewé kan lọ lójú omi. Àwọn èèyàn ń túká. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Yèyé nìkan ló kù lẹ́yìn Oríyọmí. Ó ń dúró dè é.

"Jẹ́ ká lọ sílé," ni ó wí. "Mo ti bu omi sílẹ̀ fún ọ."

Láti ìgbà tí Oríyọmí ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kò tíì sí ọjọ́ kan tó kọjá lára obìnrin yìí láì kúnlẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ nígbà tó ṣàìsàn, ó ti kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ó yí padà kúrò lójú omi. Ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, Yèyé sì ti ń na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀.

Ó kọjá lára rẹ̀ ní ìdúró gbọnrangandan, kò kí i, ó sì gba ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú.